Ọjọ́ Tí Ahọ́n Mi Di Elésè Àlùkò

Títí di òní olónìí, wọ́n máa ń sọ nínú ẹbí wa pé èmi ni ọmọ tó febi pa ara rẹ̀ nítorí pẹ́ńsùlù. Irọ́ ni. Àǹtí Rísìkà, àbúrò bàbá mi, ló dá ìtàn yẹn sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti sọ ọ́ níbi òkú, wọ́n tún sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó èmi fúnra mi, tí gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín, tí èmi náà jókòó pẹ̀lú gèlè lórí tí mò ń wò wọ́n. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, mo ti bímọ mẹ́ta, mi ò sì rí ìdí tí màá fi máa ru irọ́ ẹlòmíràn kiri. Kì í ṣe nítorí pẹ́ńsùlù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, ẹni tó bá ṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà kó máa rín in lọ.

Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà kì í ṣe ilé tí ènìyàn ti ń sùn dọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìgbálẹ̀ ti ń ha ilẹ̀ àgbàlá, tí garawa ìfami ń fara gbá ògiri kànga, tí bàbá mi sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣó, páànù àti sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá ń gé páànù fún oníbàárà, eyín gbogbo wa ló máa ń ta. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni wọ́n, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n kò sí adìyẹ tó kọjá nínú àgbàlá yẹn tí wọn kò mọ ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n pọnmi kún búútà gbogbo ilé fún àlùwàlá, àti pé tí ó bá jẹ́ oṣù ààwẹ̀, kí n bó ẹ̀wà tí wọ́n máa fi dín àkàrà ìṣínu. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá lè bó ẹ̀wà kó má ju ọ̀kan sẹ́nu, kò tíì tó gbààwẹ̀.

Mo tó gbààwẹ̀ lọ́dún náà. Ọdún tó ṣáájú, ààwẹ̀ ọmọdé ni mo ń gbà: bí ìrun Àyìlá bá ti kọjá, wọ́n á ní kí n lọ jẹun, wọ́n á ní lọ́la ni màá gba ìdajì yòókù, kí a wá rán méjèèjì pọ̀ kí ó di odindi. Ọgbọ́n tí àgbà máa ń dá fún ọmọdé nìyẹn. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sọ fún gbogbo ilé pé mi ò gba ààwẹ̀ arán mọ́. Wọ́n ní ó dáa, ká máa wò ó. Ahọ́n sì ni wọ́n fi ń wò ó nílé wa. Lẹ́yìn ìrun Alásàárì, Àǹtí Rísìkà á to èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ká yọ ahọ́n. Ahọ́n tó bá funfun, olúwa rẹ̀ gbààwẹ̀. Ahọ́n tó bá pọ́n, olúwa rẹ̀ ti yọ́ nǹkan jẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ahọ́n mi fi funfun. Ìyá mi kò sí nílé láti rí i, wọ́n ti lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ máa wẹ ọmọ fún àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mò ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa dé, kí n lè sọ fún wọn pé mi ò rán ọ̀kankan.

Lẹ́yìn ògiri wa ni Mọ̀mí Tíṣà ń gbé. Ayépé ni wọ́n ti kọ́ni títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wá, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan: lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì wọn á gba orí ògiri wá sọ́dọ̀ wa, lọ́jọ́ Iléyá, ẹran àgbò á gba ibẹ̀ padà. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi kò lóye lára wọn ni ọgbà òdòdó wọn. Ní àdúgbò tó jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣófo la ti ń ki ẹ̀gẹ́ bọlẹ̀, Mọ̀mí Tíṣà gbin òdòdó yí ilé ká. Bàbá mi á ní, “Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń bomi rin ohun tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé tà?” Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún kan bo orí ògiri, elésè àlùkò ni. Aláwọ̀ ìyeyè kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu fèrè. Pupa wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ kan wà tí àwa ọmọdé máa ń fa ìdí rẹ̀ mu nítorí oyin tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé pátápátá ni wọ́n gbin ìsápá sí, wọ́n máa ń sè é ní sóbò fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, ó sì máa ń wà nínú firíìjì wọn nígbà gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí sóbò yìí, nítorí òun ni wọ́n fi kó bá mi.

Ọmọ wọn kan ló fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ránṣẹ́ láti Jámánì, mẹ́rìnlélógún, wọ́n tò wọ́n sínú páálí onípáànù pẹlẹbẹ bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Èdè tí wọ́n kọ sára rẹ̀, èmi ò gbọ́ ọ, Mọ̀mí Tíṣà tó jẹ́ tíṣà pàápàá kò gbọ́ ọ. Ọmọ náà ní kí ìyá òun máa ya àwọn òdòdó wọn ránṣẹ́ sí òun, kí òun lè máa rí ilé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Mọ̀mí Tíṣà ti ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí láti orí ògiri, wọ́n ní, “Múínátù, ìwọ lo máa jẹ́ ọwọ́ mi. Èmi á máa wò ó, ìwọ á máa yà á.” Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òdòdó tí mo kọ́kọ́ yà, irú èyí tí gbogbo ọmọdé ń yà ni, róbótó kan láàárín pẹ̀lú àwẹ́ márùn-ún yí i ká. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Òdòdó inú orí rẹ nìyí. Tèmi tó wà nínú ọgbà ni mo ní kó o yà. Ka àwẹ́ rẹ̀. Wo ibi tí òjìji bọ́ sí.” Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi rí láyé mi pé kí n wo nǹkan kí n tó sọ bó ṣe rí. Nílé wa, ohun tí àgbà bá ti sọ, bó ṣe rí náà nìyẹn.

Ọjọ́ kejìlá ààwẹ̀ ni mo jókòó ti òdòdó ẹlẹ́gùn-ún yẹn lẹ́yìn iléèwé. Mọ̀mí Tíṣà wọlé lọ sun oorun ọ̀sán, wọ́n ní kí n máa yà á lọ. Pẹ́ńsùlù elésè àlùkò náà kò ràn tó bí mo ṣe fẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá lórí ìwé bí aṣọ tó ti pẹ́ lóòrùn. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe níléèwé bí pẹ́ńsùlù kò bá dúdú tó: mo fi ahọ́n lá ẹnu rẹ̀. Bí mo ṣe tún gbé e kan ìwé báyìí, àwọ̀ náà jí. Ó jinlẹ̀, ó ń tàn, òdòdó orí ògiri gan-an ló bọ́ sórí ìwé mi. Mo lá a, mo yà á, mo tún lá a. Mi ò gbé nǹkan kan mì o. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ rí ní kékeré mọ̀ pé ọmọdé kì í gbé itọ́ mì nínú ààwẹ̀ rárá, gbogbo ibi tó bá ń lọ ló máa ń tutọ́ sí. Ìdí òdòdó ni mo tu tèmi sí, títí tó fi kan èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tó mọ̀ pé wọ́n dìídì ṣe irú pẹ́ńsùlù bẹ́ẹ̀ kó máa yọ́ nínú omi ni: èèyàn á kọ́kọ́ yà á ní gbígbẹ, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó rin gbà á kọjá, á sì di ọ̀dà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun lónìí nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, itọ́ ẹnu mi ni mo rò pé ó ní agbára. Mo mú pẹ́ńsùlù mẹ́rin tí Mọ̀mí Tíṣà gbà mí láyè láti máa mú lọ sílé, inú mi dùn dé góńgó, mo gba orí ògiri padà.

Ahọ́n àwọn àbúrò mi ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó kàn mí, mo na tèmi síta gbọọrọ, nítorí mo mọ bí ebi ṣe ń pa mí tó. Àǹtí Rísìkà tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n gbá mi lágbọ̀n mú, wọ́n yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀.

“Sóbò rèé,” wọ́n ní.

“Kì í ṣe sóbò, Àǹtí. Pẹ́ńsùlù ni.”

“Pẹ́ńsùlù wo ló ń pa ahọ́n láró? Níbo lo ti ń bọ̀ bí kò ṣe ilé Tíṣà?”

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi gba pẹ́ńsùlù elésè àlùkò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á gba àtẹ́lẹwọ́ wọn. Àtẹ́lẹwọ́ onísìmẹ́ńtì, gbígbẹ táútáú. Kò ràn rárá. “Níbo ni aró wà níbí?” Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lá a kí wọ́n rí i. Àǹtí Rísìkà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ ò gbọ́ ọ? Nínú ààwẹ̀ ló fẹ́ máa lá nǹkan. Ààwẹ̀ wo ló wá kù?” Ẹ wò ó, kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mi ò bá lá a, òpùrọ́ ni mí. Bí mo bá lá a, mi ò gbààwẹ̀.

Bàbá mi kì í ṣe èèyàn líle, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà mí ní ẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Múínátù, ọmọdé ni ọ́. Ebi pa ọ́, o mu sóbò, kò sẹ́ni tó máa nà ọ́. Ṣáà sọ pé o mu ún, ká rán tòní mọ́ tọ̀la, kí ọ̀rọ̀ tán.” Ìdáríjì ni wọ́n gbé lọ́wọ́ wá, irọ́ ni wọ́n sì fẹ́ kí n fi rà á. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó san owó yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, kí ilé lè tòrò. Èmi ò san án.

“Mi ò mu ún, sà.”

“Mo ní kó o sọ ọ́.”

“Mi ò mu ún.”

Bí èyí bá mọ síbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti sunkún, kí n jẹ àkàrà mi, kí n sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbé pẹ́ńsùlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n lọ sídìí ògiri, wọ́n pe Mọ̀mí Tíṣà sójú fèrèsé wọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. “Mọ̀mí, ọmọ wa ń gbààwẹ̀. Bí ẹ bá ń fún un ní sóbò lábẹ́lẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ lẹ ń bà jẹ́ yẹn. Kò ní máa wá mọ́.” Mọ̀mí Tíṣà ní, “Bàbá Múínátù, mi ò fún un ní nǹkan kan.” Bàbá mi ní, “Mo rí ahọ́n rẹ̀, mà.” Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí fèrèsé padé. Inú bí mi. Obìnrin tó ń fún wa ní ìrẹsì láti orí ògiri kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tó ń fi sóbò fa ọmọ Mùsùlùmí kúrò nínú ẹ̀sìn, àti pé ahọ́n tèmi ni wọ́n fi jẹ́rìí.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Magáríbì, a jókòó yí ẹní ká. Ògì gbígbóná wà níbẹ̀, àkàrà tí èmi fúnra mi bó ẹ̀wà rẹ̀ wà níbẹ̀, èso dàbínù tí a fi ń ṣínu wà nínú àwo. Gbogbo èèyàn nawọ́. Èmi ò nà.

“Àbẹ̀kẹ́, ṣínu,” Ìyá Àgbà fi oríkì mi pè mí.

“Ẹni tó ti jẹun kì í ṣínu, Ìyá Àgbà. Ẹ ní mo ti jẹun.”

Bàbá mi jẹ àkàrà wọn tán kí wọ́n tó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ebi á bá a sọ ọ́.” Omi ni mo mu, nítorí ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn omi kàn mí. Nígbà sààrì, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ àná wá síwájú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìkọ́kọrẹ́ tó ti sùn mọ́jú, ẹ mọ ohun tí mo kọ̀. Mo tún mu omi, mo ní mo gbààwẹ̀ tòní, mo dìde. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó mi, ibí ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rín in. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti febi pa ara wọn rí nítorí orúkọ ẹlòmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ojú mi ṣú nígbà tí mò ń fami, okùn yọ̀ lọ́wọ́ mi, garawa sì bọ́ sínú kànga. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n mú mi jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú mi. Wọ́n ní kí n sọ òtítọ́ fún àwọn nìkan. Mo ní mo ti sọ ọ́ lánàá.

“O lá pẹ́ńsùlù.”

“Mo lá a, mà. Mo sì tu ú dànù.”

“Kí lo wá fẹ́ báyìí?”

“Kí Bàbá sọ pé mi ò jẹun. Kí wọ́n sọ ọ́ fún Mọ̀mí Tíṣà.”

“O fẹ́ kí àgbà jẹ́wọ́ níwájú ọmọdé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n ní, “Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ṣùgbọ́n ìwọ kò ní ogún ọdún nínú ikùn yìí. O ò ní ọjọ́ mẹ́ta.” Wọn kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ, èmi náà fi orí ti orúnkún wọn, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé páànù níwájú ilé.

Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun, Ìyá Àgbà ní, “Gàníyù, bá mi gbé pẹ́ńsùlù yẹn wá látorí kọ́bọ́ọ̀dù.” Bàbá mi gbé e wá, bóyá wọ́n rò pé ìyá wọn fẹ́ sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Ìyá Àgbà tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo dàbínù. Bí ohùn ládàánì ṣe ta látorí mọ́ṣáláṣí báyìí, tí gbogbo ọwọ́ lọ sí àwo, Ìyá Àgbà kò mú dàbínù. Pẹ́ńsùlù elésè àlùkò ni wọ́n mú. Wọ́n ní, “Bísímílááhì,” wọ́n tì í bọ ẹnu, wọ́n ra á sápá ọ̀tún, wọ́n ra á sápá òsì, bí ẹni ń run pákò. Wọ́n yọ ọ́.

“Rísìkà, ìwọ lo mọ ahọ́n wò. Wá wo tèmi.”

Àǹtí Rísìkà kò dìde, ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti rí i. Gbogbo wa rí i. Ahọ́n Ìyá Àgbà ti di elésè àlùkò dé gbòǹgbò, ó tún kun ètè wọn.

“Gàníyù,” wọ́n ní, “ṣé èmi náà mu sóbò?”

Dàbínù wà lọ́wọ́ bàbá mi síbẹ̀, wọn kò tíì fi í sẹ́nu. Wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wò mí, wọ́n gbé dàbínù náà sílẹ̀. Wọ́n bu ògì sínú kọ́ọ̀pù fúnra wọn. Mi ò rí i rí kí bàbá mi bu oúnjẹ fún ọmọ. Wọ́n gbé e wá síwájú mi, wọ́n ní, “Ó yá, ṣínu.” Ó yẹ kí n gbà á. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbà á, òórùn ògì yẹn ń fa ìfun mi. Ọmọ tó ní ọgbọ́n á ti kúnlẹ̀, á dúpẹ́, á mu ún. Mo gbé kọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ níwájú mi.

“Mọ̀mí Tíṣà ńkọ́, sà?”

Àǹtí Rísìkà ní ọmọ yìí ti ya ìyàkuyà. Ìyá Àgbà kò gbè mí, wọ́n ń nu ètè wọn. Bàbá mi dìde. Mo di ojú mi, mo ń retí ìgbátí, mo sì ti pinnu pé bó bá balẹ̀, mi ò ní sunkún. Kò balẹ̀. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti kọjá mi, wọ́n ti dé ìdí ògiri láìtíì fi nǹkan kan kan ẹnu.

“Mọ̀mí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.”

Ó pẹ́ kí fèrèsé tó ṣí. Bàbá mi wú ikọ́. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ná sìmẹ́ńtì, wọ́n mọ bí a ṣe ń bá oníbàárà tó le sọ̀rọ̀, èyí kò yá wọn lẹ́nu. “Ọ̀rọ̀ àná ni mo bá wá, mà,” wọ́n ní, wọ́n sì dákẹ́.

Mọ̀mí Tíṣà kò bá wọn wá ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, “Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?”

“Kò jẹun, mà.” Bàbá mi gbé ohùn sókè, débi pé gbogbo wa gbọ́ ọ lórí ẹní. “Kò jẹun lánàá, ẹ ò sì fún un ní nǹkan kan. Èmi ni mo ṣì í sọ. Títí di ìsinsìnyí, ọmọ náà kò tíì jẹun.”

Mo gbé kọ́ọ̀pù ògì náà. Ó ti tutù. Mo mu ún tán.